Fáìlì Kan fún Kọ̀ǹpútà 250

Àjọ JAMB kì í fọwọ́ sí gbọ̀ngàn ìdánwò tí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ kò bá tó 250. Láti ọdún 2015 tí ìdánwò UTME rẹ̀, tí a fi ń wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ti kúrò lórí ìwé pátápátá tó bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ ti di ohun tí ojú mọ̀ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, yálà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga tàbí lọ́wọ́ aládàáni. Ọmọ tó wọlé wá ṣe ìdánwò á rí kíbọọ̀dù, á rí aago, á rí ìbéèrè 180 tó ń dúró dè é. Kò ní mọ̀ pé kí òun tó jókòó, ẹnìkan ti ní láti rí i dájú pé ẹ̀rọ tó wà níwájú òun àti èyí tó wà ní igun kejì gbọ̀ngàn kò fi ohunkóhun yàtọ̀ síra: Windows kan náà, bráúsà kan náà, ètò ìdánwò kan náà, láìsí fáírọ́ọ̀sì, láìsí eré bọ́ọ̀lù tí ẹnìkan gbé sórí rẹ̀ lóṣù tó kọjá.

Ọ̀nà tó dára jù láti ṣe èyí ni kí a tún kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ṣe dáadáa, kí a mú ẹ̀dà odidi díìsìkì rẹ̀, kí a sì da ẹ̀dà yẹn sórí gbogbo ìyókù. Ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe fáìlì kékeré. Ti Windows àti àwọn ètò tó máa ń bá a rìn lè tó gígábáìtì 20, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a ó ṣe gbé e dé ara ẹ̀rọ 250 ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yàrá kọ̀ǹpútà wa ti ń fi epo àti oorun àwọn òṣìṣẹ́ ṣòfò, nígbà tí ohun tí ì bá gbà wọ́n sílẹ̀ ti wà nínú wáyà tí wọ́n ti fowó rà.

Fláàṣì tàbí háàdì díìsìkì ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣe é. Ẹ ó rí ọ̀dọ́ méjì mẹ́ta tí wọ́n ń ti ìdí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí ìdí èkejì, tí wọ́n ń kì í bọ̀ ọ́, tí wọ́n ń dúró, tí wọ́n ń yọ ọ́. Bí ẹ̀rọ kan bá gba ogún ìṣẹ́jú, tí fláàṣì mẹ́wàá sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wákàtí mẹ́jọ àti ogún ìṣẹ́jú ni. Fáírọ́ọ̀sì lórí ọ̀kan ṣoṣo nínú fláàṣì mẹ́wàá yẹn sì ti tó láti sọ gbogbo iṣẹ́ náà dòfo.

Àwọn tó ní nẹ́tíwọ̀kì a máa gbé fáìlì náà sórí sáfà, kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan wá fà á láti ibẹ̀. Ó dà bíi pé èyí yá, àfi ìgbà tí a bá ṣírò rẹ̀. Gígábáìtì 20 jẹ́ mẹ́gábíìtì 160,000. Wáyà tó jáde lára sáfà, bó bá jẹ́ ti gígábíìtì kan, lè gbé mẹ́gábíìtì 1,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà ìṣẹ́jú-àáyá 160 ni ẹ̀dà kan yóò gbà, bí ohunkóhun kò bá dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà 250 ni a fẹ́, gbogbo wọn ló sì ní láti gba inú wáyà kan ṣoṣo yẹn kọjá. Ìyẹn di ìṣẹ́jú-àáyá 40,000, wákàtí mọ́kànlá ó lé díẹ̀. Bí a bá pín kọ̀ǹpútà náà sí ọ̀nà mẹ́wàá tàbí ogún, àròpọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Ta ló lè fi jẹnẹrétọ̀ gbé gbọ̀ngàn ẹ̀rọ 250 fún wákàtí mọ́kànlá nítorí pé a fẹ́ da fáìlì kọ?

Ohun tó ń jẹ wá níyà níhìn-ín ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni sáfà ń tún sọ nígbà 250. Olùkọ́ tó fẹ́ kí ọmọ ogójì ní àkọsílẹ̀ kan náà kì í lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó máa kà á sí wọn létí. Ó máa ń dúró síwájú, á pè é lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn á sì máa kọ ọ́. Ìlú Ọ̀yọ́ ti ń kọ́ olùkọ́ láti ọdún 1896 tí St. Andrew's College ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, kò sì yẹ kí ó ṣòro láti yé ọmọ Ọ̀yọ́ pé iye ọmọ tó wà ní kíláàsì kò sọ bí àpèkọ yóò ti pẹ́ tó: ogún ni wọ́n o, ọgọ́ta ni wọ́n o, àsìkò kan náà ni. Multicast ni àpèkọ orí nẹ́tíwọ̀kì. Sáfà á fi fáìlì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo kọ̀ǹpútà tó bá fẹ́ ẹ á sì máa gbà á pọ̀.

Steve Deering, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ló la ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé ìlànà rẹ̀ tí gbogbo ayé gbà, RFC 1112, jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1989, ọdún kan ṣáájú kí a tó dá yunifásítì tí a mọ̀ sí LAUTECH lónìí sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nítorí náà kì í ṣe nǹkan tuntun tí a ṣì ń dán wò. Switch, ìyẹn àpótí tí wáyà gbogbo gbọ̀ngàn wọ inú rẹ̀, àti kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ ní gbọ̀ngàn wa mọ̀ ọ́n láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti jáde.

Àdírẹ́sì tí a mọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì máa ń tọ́ka sí ẹ̀rọ kan pàtó. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti 224 dé 239 kò rí bẹ́ẹ̀: wọn kì í ṣe ti ẹ̀rọ kankan, ti ẹgbẹ́ ni wọ́n. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 239 ni a yà sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé, nítorí náà ẹni tó ń ṣètò gbọ̀ngàn rẹ̀ lè mú 239.1.1.1 láìtọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kọ̀ǹpútà tó bá fẹ́ gba fáìlì á kéde pé òun ti wọ ẹgbẹ́ náà. IGMP ni ìlànà tó fi ń kéde. Switch á gbọ́ ìkéde yẹn, á sì rántí ojú ihò tó ti wá. Sáfà á wá fi ègé dátà kan ránṣẹ́, switch á sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí gbogbo ojú ihò tí ọmọ ẹgbẹ́ wà. Inú irin switch fúnra rẹ̀ ni ẹ̀dà ṣíṣe yìí ti ń ṣẹlẹ̀, kì í fi ohun tó ṣeé kà kún àsìkò. Wáyà sáfà tí gbogbo ẹ̀dà 250 ti ń fún ara wọn pa tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni fáìlì gba ibẹ̀ kọjá. Kódà bí switch bá jẹ́ ti àtijọ́ tí kò ju mẹ́gábíìtì 100 lọ, ìṣẹ́jú 27 ni, fún gbogbo wọn pọ̀.

Ṣùgbọ́n nínú àpèkọ, ọ̀rọ̀ máa ń fo ọmọ kíláàsì. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kan bá ń fa fáìlì lọ́nà àtijọ́, ó máa ń dá sáfà lóhùn bí ègé ṣe ń dé: mo ti rí èyí, mú òmíràn wá. Nínú multicast, èyí kò ṣeé ṣe. Bí a bá gé gígábáìtì 20 sí ègé báìtì 1,400, ègé náà ju mílíọ̀nù 14 lọ. Bí ẹ̀rọ 250 bá ń dáhùn fún gbogbo rẹ̀, ariwo ìdáhùn ni yóò pa sáfà. Nítorí náà a yí i padà: ẹni tó gbọ́, kí ó dákẹ́; ẹni tí nǹkan fò nìkan ni kí ó nawọ́. Sáfà á kó orúkọ gbogbo ègé tí wọ́n ní ó fò wọ́n jọ, á sì tún wọn pè fún gbogbo ẹgbẹ́, ẹni tó ti ní in tẹ́lẹ̀ á kàn jẹ́ kó kọjá.

Ẹ wo ibi tí ìṣírò náà gbé wá. Ká ní nẹ́tíwọ̀kì wa dára tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ègé kan péré nínú 1,000 ló ń sọnù lọ́wọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Àdánù yẹn kéré. Ṣùgbọ́n ohun tó sọnù lọ́wọ́ ẹ̀rọ yìí kọ́ ló sọnù lọ́wọ́ ìyẹn, ẹ̀rọ 250 sì ni wọ́n. Bí a bá pa àdánù gbogbo wọn pọ̀, ó ju ìdá kan nínú márùn-ún fáìlì náà lọ tí ẹnìkan níbì kan yóò fẹ́ kí a tún pè. Ká wá sọ pé a fẹ́ tún ìdá kan nínú márùn-ún pè fún gbogbo ènìyàn nítorí pé ẹnìkọ̀ọ̀kan pàdánù ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún!

Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ fi bọ́ nínú èyí dùn mọ́ mi jọjọ, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì lè ṣe é. Ká ní sáfà fi 4, 7 àti 2 ránṣẹ́, ó wá fi àròpọ̀ wọn, 13, tẹ̀lé e. Kọ̀ǹpútà kan pàdánù 7: ó yọ 4 àti 2 kúrò nínú 13, 7 rẹ̀ dé. Òmíràn pàdánù 2: ó yọ 4 àti 7 kúrò nínú 13 kan náà, 2 tirẹ̀ náà dé. Ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sọnù lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ègé kan ṣoṣo ló tún ti àwọn méjèèjì ṣe, sáfà kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ohun tó sọnù. Ìṣírò tí ètò gidi ń lò jinlẹ̀ ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kan náà ni. Ní 1998, Byers, Luby, Mitzenmacher àti Rege fi hàn bí a ṣe lè fi irú àròpọ̀ bẹ́ẹ̀ pín fáìlì ńlá fún ogunlọ́gọ̀ ẹ̀rọ; ní 2002 Michael Luby gbé ìlànà kan jáde tó ń jẹ́ kí sáfà máa ṣẹ̀dá àròpọ̀ tuntun láìdáwọ́ dúró. Kọ̀ǹpútà tó bá ti kó iye tó fi díẹ̀ ju ègé fáìlì lọ jọ, èyíkéyìí tí ó wù kí wọ́n jẹ́, yóò rí fáìlì rẹ̀ kó jọ pé. Kò sí pé o pẹ́ dé tàbí pé ìbẹ̀rẹ̀ ti kọjá.

Fún ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, èyí ju ọ̀rọ̀ inú ìwé lọ. Bí iná bá já ní ọ̀wọ́ tábìlì kan, tó sì padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, kọ̀ǹpútà ibẹ̀ lè padà wọ ẹgbẹ́ kí ó sì máa kó ègé rẹ̀ lọ láti ibi tó dúró, bí ètò náà bá ti ń kọ ohun tó gbà sórí díìsìkì. Ètò UFTP, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́, ń lo ọ̀nà àkọ́kọ́, ti kí ẹni tí nǹkan fò nawọ́. Udpcast, tí òun náà wà lọ́fẹ̀ẹ́, ní àyè fún àròpọ̀ bí a bá sọ fún un.

Àìsàn kan wà tó máa ń ṣe gbọ̀ngàn ìdánwò ju ibòmíràn lọ, mo sì fẹ́ sọ ọ́ yékéyéké nítorí ó ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé multicast kò dára. Switch kì í gba ìkéde kọ̀ǹpútà gbọ́ títí ayé. Ó ń retí kí router, ẹ̀rọ tó ń so nẹ́tíwọ̀kì kan mọ́ òmíràn, máa béèrè, ní ìṣẹ́jú-àáyá 125 síra, pé ta ló ṣì wà nínú ẹgbẹ́ yìí, kí kọ̀ǹpútà sì dáhùn. Bí ìṣẹ́jú-àáyá 260 bá kọjá tí kò gbọ́ nǹkan kan, á yọ ẹni náà kúrò. Gbọ̀ngàn tí a yà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nítorí ìdánwò lè wà láìní router rárá, nítorí náà kò sí ẹni tó ń béèrè, kò sì sí ẹni tó ń dáhùn. Fáìlì á máa lọ geere fún ìṣẹ́jú mẹ́rin ó lé díẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ á sì dúró lójijì. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ á pààrọ̀ wáyà, á tún sáfà tàn, á rí i pé ó tún ń lọ, inú rẹ̀ á dùn, ìṣẹ́jú mẹ́rin á tún pé. Oògùn rẹ̀ kò ju kí a wọ inú ètò switch ńlá tí àwọn yòókù so mọ́, kí a wá ibi tí wọ́n kọ IGMP querier sí, kí a tan án. Láti ìgbà náà switch yẹn fúnra rẹ̀ ni yóò máa béèrè.

Àwọn switch olówó pọ́ọ́kú kò ní wàhálà yìí, nítorí wọn kì í ka ẹgbẹ́ sí: ohunkóhun tó bá jẹ́ multicast, gbogbo ojú ihò ni wọ́n ń dà á sí. Níbi tí gbogbo ẹ̀rọ ti fẹ́ fáìlì náà, kò burú. Ṣùgbọ́n bí wáyà ọ́fíìsì akápò àti ti Wi-Fi ọgbà bá wọ inú switch kan náà, ìkún omi ni fún wọn. Kí a yọ wọ́n kúrò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Wi-Fi kì í ṣe ọ̀nà fún iṣẹ́ yìí rárá. Bí Wi-Fi bá ń bá ẹ̀rọ kan sọ̀rọ̀, ó máa ń dúró gbọ́ ìdáhùn, á sì lo ìyára tí ẹ̀rọ yẹn lè gbé. Bó bá ń bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, kò sí ìdáhùn, ìyára tó lọ sílẹ̀ jù ni ó sì sábà máa ń lò kí ẹni tó jìnnà jù lè gbọ́. Ní mẹ́gábíìtì mẹ́fà, gígábáìtì 20 yẹn yóò gba wákàtí méje ó lé.

Wáyà náà ní ìtàn tirẹ̀. Ìyára gígábíìtì ń lo gbogbo ìso mẹ́rin tó wà nínú wáyà nẹ́tíwọ̀kì. Ti mẹ́gábíìtì 100 kò lò ju méjì lọ. Bí èkúté bá jẹ ọ̀kan nínú ìso méjì yòókù, kọ̀ǹpútà ibẹ̀ kò ní kú, yóò kàn rọra bọ́ sílẹ̀ sí 100. Lọ́jọ́ tí ó ń ṣí ìbéèrè ìdánwò, kò sí ẹni tí yóò fura. Lọ́jọ́ tí sáfà bá ń da dátà jáde ní mẹ́gábíìtì 600, ẹ̀rọ yẹn nìkan yóò pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú fáìlì, ọwọ́ tó ń nà yóò sì dá gbogbo kíláàsì dúró. Díìsìkì àtijọ́ tí kò lè kọ nǹkan kíákíá ń ṣe bákan náà. Nítorí náà mo fara mọ́ àwọn tó ń ṣe é ní ọ̀wọ́ àádọ́ta-àádọ́ta, lẹ́ẹ̀marùn-ún, ju kí a gbé gbogbo 250 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn á fara hàn nínú ọ̀wọ́ kékeré, a ó sì yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí a fi fláàṣì tọ́jú tirẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí bí a bá lo ètò Clonezilla, tí wọ́n ṣe ní Taiwan tí wọ́n sì fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. A ó sọ fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan kí ó gba orí wáyà nẹ́tíwọ̀kì tan, kì í ṣe orí díìsìkì rẹ̀. PXE ni wọ́n ń pè é. Sáfà á fún un ní àdírẹ́sì àti Linux kékeré kan tó ń gbé inú mẹ́mórì nìkan. Yóò wá dúró. A ti sọ fún sáfà iye ẹ̀rọ tí ó gbọ́dọ̀ retí, tàbí ìṣẹ́jú tí kò gbọ́dọ̀ dúró kọjá; bí wọ́n bá pé, ó bẹ̀rẹ̀. Windows náà ní irú rẹ̀ láti Windows Server 2008. Ghost, tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí mọ̀ dáadáa, ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ fi ń ṣe é.

Èrè rẹ̀ kò mọ sí ìdánwò JAMB. Federal College of Education (Special), tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1977, wà ní Ọ̀yọ́, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò máa kọ́ afọ́jú, odi àti àwọn aláìlera mìíràn, tí àwọn aláìlera fúnra wọn sì ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Afọ́jú nílò ètò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè, bíi NVDA, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní yàrá kọ̀ǹpútà tí a ti ń fọwọ́ gbé ètò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta ni irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń wà lórí rẹ̀, ẹni tó nílò rẹ̀ á sì ní láti dúró kí wọ́n ṣófo. Níbi tí ẹ̀dà kan ti ń dé orí gbogbo ẹ̀rọ, kò sí iṣẹ́ àfikún kankan nínú kí NVDA wà lórí gbogbo wọn. Ìjókòó èyíkéyìí ni akẹ́kọ̀ọ́ náà lè jókòó sí, bíi ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan kò ṣeé fò. Ẹnikẹ́ni tó bá ki wáyà bọ switch lè kéde pé òun náà wà nínú ẹgbẹ́, sáfà kò sì ní mọ̀. Fún Windows àti NVDA, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Fún ìbéèrè ìdánwò, ó burú jáì. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní títì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kí ó tó gba orí wáyà, UFTP sì lè ṣe ìyẹn fúnra rẹ̀.

Ó ku ọ̀nà tó so ìlú méjèèjì pọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó ní gbọ̀ngàn kan ní Ọ̀yọ́ àti òmíràn ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè máa ronú pé sáfà kan lè pe àpèkọ fún ìlú méjèèjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ìwádìí gbìyànjú láti gbé multicast kárí ayé ní 1992, wọ́n pè é ní MBone, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì kì í sábà gbé e kọjá láti ọ̀dọ̀ ara wọn, ó ṣòro láti ṣọ́, ó sì ṣòro láti dá owó lé. Láàárín ìlú, ẹ̀dà kan ṣoṣo ni kí a fi ránṣẹ́ lọ́nà tí a mọ̀. Lórí ìlà mẹ́gábíìtì mẹ́wàá, gígábáìtì 20 kò tó wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀, a sì lè gbé e sílẹ̀ lóru. Bí ìlà kò bá sí, kí awakọ̀ gbé háàdì díìsìkì lọ. Sáfà tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò wá pè é fún gbọ̀ngàn tirẹ̀. Bákan náà ni pẹ̀lú àtúnṣe Windows: bí ó bá jẹ́ mẹ́gábáìtì 500, tí ẹ̀rọ 250 sì ń lọ fà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, dátà gígábáìtì 125 ni a san owó rẹ̀, nígbà tí ìdajì gígábáìtì kan ṣoṣo ì bá tó.

Kí ẹni tó gba fáìlì ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó tan ohunkóhun, kí ó kọ́kọ́ ṣírò àmì SHA-256 rẹ̀, tó máa ń yí padà bí ohunkóhun bá yí nínú fáìlì, kí ó pe Ọ̀yọ́, kí wọ́n ka àmì náà sí ara wọn létí. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀. Fláàṣì tó bàjẹ́ á ba ẹ̀rọ kan jẹ́ kí ojú tó rí i. Ẹ̀dà díìsìkì tó bàjẹ́ lórí multicast á dé ara gbogbo 250 láàárín ìdajì wákàtí, lórí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.